Bàbá mi fẹ́ ti báráàkì bọ́ sínú òṣèlú: ṣé owó ìfẹ̀yìntì wọn kò ní wọmi?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọmọ Odògbólú ni wá. Bàbá mi ti lo ju ọgbọ̀n ọdún lọ nínú iṣẹ́ sójà, Wáráńtì Ọ́físà ni wọ́n. Wọ́n wà ní Òṣòdì báyìí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìntì níṣẹ́ ọwọ́. Àwọn èèyàn ẹgbẹ́ òṣèlú kan láti ìlú wa ń wá sọ́dọ̀ wọn pé kí wọ́n wá díje sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀. Inú Bàbá ń dùn. Wọ́n ní sójà ni Ọbásanjọ́, sójà ni Diya tó jẹ́ ọmọ ìlú wa. Ẹ̀rù ń ba màmá mi ní tiwọn. Wọ́n gbọ́ pé ìjọba máa ń gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ òṣèlú, àti pé ìwé ẹ̀rí Bàbá kò tó. Àwọn èèyàn yẹn sì ti ń béèrè owó fọ́ọ̀mù. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ká ṣe?"

Ọmọ mi, o ṣeun tó o kọ̀wé. Bá mi kí màmá rẹ, nítorí ohun tó yẹ kó ba èèyàn lẹ́rù ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Nǹkan mẹ́rin ló lọ́ pọ̀ mọ́ra nínú lẹ́tà rẹ: bóyá òfin gba sójà láyè láti díje, bóyá owó ìfẹ̀yìntì á bọ́, bóyá ìwé ẹ̀rí tó, àti ọ̀rọ̀ owó fọ́ọ̀mù. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ìdáhùn nínú ìwé òfin, wọn kò sì le. Ìkẹrin le díẹ̀. Èyí tó le jù ni èyí tí o kò béèrè, ìyẹn ni bóyá àwọn ará wọ́ọ̀dù yín mọ bàbá rẹ. Ibẹ̀ ni màá pẹ́ sí jù. Sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì, ní Ìjẹ̀bú àti ní Rẹ́mọ. Èmi ni mo máa ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn káńsílọ̀, mo sì ti bá alága tó jẹ́ tíṣà ṣiṣẹ́, mo ti bá èyí tó jẹ́ oníṣòwò ṣiṣẹ́, mo ti bá èyí tó jẹ́ sójà ṣiṣẹ́. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Nítorí náà, kí bàbá rẹ tó fọwọ́ sí ìwé èyíkéyìí, kí wọ́n jẹ́ kí lọ́yà kan bá wọn wò ó.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí òfin. Sójà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ kò lè díje. Abala 318 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ka àwọn ọmọ ogun mọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Abala 107 wá sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò bá tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kó fẹ̀yìntì, ó kéré tán 30 ọjọ́ ṣáájú ìdìbò, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí àga ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀. Ọ̀rọ̀ Òṣòdì yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì mú. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ti dé ibùdó ìkọ́ṣẹ́ àwọn ológun tó fẹ́ fẹ̀yìntì ti di aráàlú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń lò níbẹ̀, sójà ni wọ́n sì jẹ́ jálẹ̀ oṣù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Owó oṣù sójà ni wọ́n ń gbà, òfin ológun ló sì ń darí wọn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà ìfẹ̀yìntì ni òfin ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ṣe ayẹyẹ ìdágbére tàbí ọjọ́ tí wọ́n dá aṣọ iṣẹ́ padà. Àwọn tó ń wá bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ òṣèlú ní Òṣòdì lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó wọn sí ìyọnu láìmọ̀, nítorí òfin iṣẹ́ ológun kò gba sójà láyè láti dá sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n bá ti dé fìlà ẹgbẹ́, tí ẹnì kan sì gbé e sórí WhatsApp, ti tó láti da ìfẹ̀yìntì tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún wá rú. Sọ fún wọn pé kí wọ́n ní kí àwọn àlejò yẹn padà sílé ná.

Ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn náà máa ń tan èèyàn jẹ. Èèyàn á ní, ṣebí oṣù kan péré ni òfin wí, mo láyè dáadáa. Ìdìbò abẹ́lé, èyí tí ẹgbẹ́ òṣèlú fi ń yan olùdíje rẹ̀, ni ìdìbò tó máa ń pinnu ọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀bú, ó sì máa ń ṣáájú ìdìbò gbogbogbòò fún oṣù púpọ̀. Lábẹ́ Òfin Ìdìbò ọdún 2022, èyí tí wọ́n lò fún ìdìbò ọdún 2023, ẹgbẹ́ òṣèlú ní láti ti fi orúkọ olùdíje rẹ̀ ránṣẹ́ sí INEC, ó pẹ́ tán 180 ọjọ́ ṣáájú ìdìbò, ó sì ní láti ti fi ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́ kí 30 ọjọ́ tó kù kí ìdìbò abẹ́lé wáyé. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ká ní irú òfin yẹn ni wọ́n máa lò, bàbá rẹ gbọ́dọ̀ ti kúrò nínú iṣẹ́, kí wọ́n ti gba káàdì ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù wọn, kí orúkọ wọn sì ti wọ ìwé, ó ju ìdajì ọdún lọ ṣáájú ọjọ́ ìdìbò. Bí nǹkan kan bá yẹ̀ nínú ètò yìí, ẹni tí wọ́n bá borí nínú ìdìbò abẹ́lé ni yóò kọ́kọ́ rí i, yóò sì gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Àwọn aṣòfin a máa tún òfin ìdìbò ṣe, ìtòlẹ́sẹẹsẹ ọjọ́ tí INEC bá gbé jáde fún ìdìbò tí wọ́n fẹ́ bá lọ ni kí wọ́n gbà sọ́wọ́, kì í ṣe èyí tí ẹnu ń ròyìn.

Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, kí màmá rẹ fọkàn balẹ̀. Abala 173 nínú Ìwé Òfin dáàbò bo owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá a dúró tàbí dín in kù àfi bí òfin bá là á sílẹ̀, abala náà sì ní kí wọ́n máa tún iye rẹ̀ gbé yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún tàbí nígbà tí owó oṣù bá yí padà. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ sójà nítorí pé aráàlú dìbò fún un. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti yọ àwọn ológun kúrò nínú ètò ìfẹ̀yìntì alájọpín tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yòókù wà nínú rẹ̀, àjọ tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì ológun ní Àbújá ló ń san tiwọn. Tí àjọ náà bá pe àyẹ̀wò, kí bàbá rẹ yọjú, ìbáà jẹ́ pé àga aṣòfin ni wọ́n ti ń bọ̀.

Mo mọ ibi tí àhesọ náà ti jáde. Ní ọdún 2019, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó pàṣẹ pé kí ìjọba gba owó ìfẹ̀yìntì padà lọ́wọ́ àwọn gómìnà àtijọ́ tí wọ́n ń gbà á pọ̀ mọ́ owó oṣù mínísítà tàbí ti sẹ́nétọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn gómìnà àti òfin àkànṣe tí ìpínlẹ̀ wọn ṣe fún wọn nìyẹn, nígbà tó sì fi dé ọjà Odògbólú ó ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó fẹ̀yìntì. Èyí tó kan bàbá rẹ wà nínú ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba, ní ìparí Ìwé Òfin. Ohun tó wí ni pé ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lè gba ipò kan ṣoṣo tó ń mówó wọlé ní ilé-iṣẹ́ tàbí àjọ ìjọba, kò sì gbọ́dọ̀ tún gba owó mìíràn látinú àpò ìjọba kún méjèèjì. Nítorí náà, bí wọ́n bá wọlé tán, tí ẹnì kan tún fẹ́ fi wọ́n sínú ìgbìmọ̀ àjọ kan kí wọ́n lè máa gba àlékún, kí wọ́n sọ pé rárá.

Ìwé ẹ̀rí ńkọ́? Abala 106 ní kí olùdíje ti kàwé dé ìpele ìwé mẹ́wàá, ìyẹn ìparí iléèwé girama, abala 318 sì ṣàlàyé pé kò pọn dandan kó yege ìdánwò náà. Ẹni tó ní ìwé mẹ́fà náà lè díje bó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá ó kéré tán, tó ti lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo rẹ̀ pọ̀ tó ọdún kan, tó sì lè ka èdè Gẹ̀ẹ́sì, kó kọ ọ́, kó sì sọ ọ́ dé ibi tó tẹ́ INEC lọ́rùn. Ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nínú iṣẹ́ ológun ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń rán wọn lọ kì í tán. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìwé ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2015: nígbà tí Muhammadu Buhari fẹ́ díje, agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ ológun bọ́ síta pé kò sí ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nínú fáìlì wọn, gbogbo orílẹ̀-èdè sì ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àríyànjiyàn fún ọdún púpọ̀. Bí ẹni tó ti ṣe olórí ìjọba ológun rí bá kan irú èyí, kí wọ́n má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé fáìlì ẹnikẹ́ni. Kí bàbá rẹ gba ẹ̀dà gbogbo ìwé wọn kí wọ́n tó kúrò ní Òṣòdì, látorí ìwé ẹ̀rí kọ́ọ̀sì títí dé lẹ́tà ìgbéga, kí wọ́n sì rí i pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí bá ara wọn mu lórí gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ ìbí yẹn ló máa ń fa ẹjọ́ jù. Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ sọ wéré: tí àwọn àgbà ìlú bá ní kí wọ́n wá wọ Òṣùgbó kí ilẹ̀ lè gbà wọ́n, kí wọ́n rántí pé abala 107 kan náà sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ awo kò lè jẹ́ aṣòfin. Mi ò bú ìṣẹ̀ṣe o, ohun tí òfin wí ni mo ń sọ, mo sì ti rí ibi tí alátakò ti gbé e jáde.

Ó yá, ká wá sọ ti Ọbásanjọ́ àti Diya, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọkàn bàbá rẹ wà. Òótọ́ ni pé sójà ni Ọbásanjọ́, wọ́n sì dìbò yàn án ní oṣù kejì ọdún 1999. Ṣùgbọ́n Olú Fálaè ló borí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn nínú ìdìbò yẹn. Ìbò láti apá ibòmíràn ló gbé Ọbásanjọ́ wọlé, ìpínlẹ̀ tí wọ́n bí i sí kò fún un. Ẹni tó ti jẹ́ olórí ìjọba láti 1976 sí 1979 rèé o, tó tún ti ṣẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ Abacha. Ní ti Diya, ẹni ńlá ni, Ọlọ́run kó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Oṣù kẹta ọdún 2023 ló kú. Ó jẹ́ gómìnà ológun níbí láti 1984 sí 1985, ó sì di igbákejì Abacha kí wọ́n tó mú un ní òpin ọdún 1997, tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un, tí Ọlọ́run sì yọ ọ́. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ipò yẹn tí ará Odògbólú tò sórí ìlà láti dìbò fún un. Ọ̀gá rẹ̀ ló yàn án, ọ̀gá rẹ̀ náà ló sì lè yọ ọ́. Tí bàbá rẹ bá ń fi ipò Diya wọn tiwọn, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ń wò.

Èyí tí màá fẹ́ kí wọ́n wò ni ti Mohammed Lawal. Ọmọ ogun ojú omi ni, òun ni gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Ògùn láti 1987 sí 1990. Àwọn àgbà tó wà ní sẹkitéríàtì nígbà náà ṣì ń rántí rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ ṣe òṣèlú, ilé ló padà sí, ní Kwara, ó sì wọlé gẹ́gẹ́ bíi gómìnà alágbádá ní 1999. Ta ló gbé e wọlé? Olúṣọlá Saraki, tó ní àwọn èèyàn rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì wá jà, ní 2003 Lawal pàdánù àga náà, ọmọ Saraki, Bukola, ló sì gbà á. Lawal kì í ṣe ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gómìnà, ó ti ṣe é níbí kó tó ṣe é nílé. Àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù ni kì í ṣe tirẹ̀. Nítòsí wa níbí, ẹ rántí Ọ̀gágun Adétúnjí Olúrìn, ọmọ Ìlaròó, tó ti ṣe gómìnà ológun ní Ọ̀yọ́ láti 1985 sí 1988. Òun ni PDP fà kalẹ̀ fún gómìnà Ògùn ní 2011. Ẹgbẹ́ náà ti fọ́ sí méjì kí ìdìbò tó dé, àwọn tó tẹ̀lé Gómìnà Gbénga Daniel, ọmọ Ṣágámù, ti gba inú ẹgbẹ́ mìíràn lọ, Ìbíkúnlé Amósùn sì wọlé. Oyè ọ̀gágun kò lè so ẹgbẹ́ tó ti ya pọ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ lára gbogbo èyí, tó sì bá ohun tí ojú mi rí ní káńsù mu, ni pé ìsinmi sójà máa ń kúrú, ilé sì máa ń jìnnà. Èèyàn á wọ iṣẹ́ ní ọmọ ogún ọdún. Wọ́n á gbé e lọ sí Kàdúná, wọ́n á gbé e lọ sí Jos, wọ́n á gbé e lọ sí Màìdúgùrì. Iléyá àti Kérésìmesì tó wálé kò ju díẹ̀ lọ. Nígbà yẹn, ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ń dá owó, wọ́n ń gbé òkú àwọn òbí ara wọn, wọ́n ń bá ara wọn sọmọ lórúkọ. Ìwọ náà mọ bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ṣe rí ní Ìjẹ̀bú. Nígbà Ojúde Ọba, tí àwọn ọmọ ilé Balógun ń gun ẹṣin kọjá, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jáde nínú aṣọ tirẹ̀, gbogbo ẹni tó ń wòran ló mọ ẹni tó máa ń san owó ẹgbẹ́ àti ẹni tó kàn rà aṣọ náà ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn tó ń mú olùdíje ní wọ́ọ̀dù ń wo irú nǹkan báyìí ju ipò tó wà léjìká èèyàn lọ. Wọn kì í sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ń wò ó.

Lọ wo ìpàdé wọ́ọ̀dù, kó o rí ohun tí mò ń wí. Iwájú ilé olórí ẹgbẹ́ ní àdúgbò ni wọ́n sábà máa ń jókòó sí, lórí àga rọ́bà, lábẹ́ ìbòji igi. Aago mẹ́rin ni wọ́n á pè é, kò ní bẹ̀rẹ̀ títí aago mẹ́fà fi máa kọjá. Sójà á ti dé ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún, inú á sì ti máa bí i. Kò mọ̀ pé wákàtí méjì yẹn gan-an ni ìpàdé. Ibẹ̀ ni ìyá kan ti ń sọ ọ̀rọ̀ gọ́tà tó ń wọ ilé rẹ̀ sí etí akọ̀wé. Ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n ń bínú síra wọn látìgbà ìdìbò tó kọjá ti ń jókòó tira wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n bá wá gbàdúrà tán tí akọ̀wé ṣí ìwé, gbogbo ọ̀rọ̀ ti parí, ìwé nìkan ló kù tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ẹni tí kò bá lè jókòó fún wákàtí méjì yẹn láìwo aago, òun ni yóò máa yà lẹ́nu pé wọn kò dìbò fún òun.

Mo bá alága kan ṣiṣẹ́ rí tó ti jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun. Olóòótọ́ èèyàn ni, mi ò rí i kó jí kọ́bọ̀. Aago méje àbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n máa ń ti géètì sẹkitéríàtì nígbà tirẹ̀, àwa òṣìṣẹ́ sì ń tètè dé. Ọgbà mọ́, àwọn mọ́tò tó ti bàjẹ́ kúrò nílẹ̀, àwọn tó ń gba owó oṣù láìwá ṣiṣẹ́ sá lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni yàrá ìpàdé. Ó gbé ètò ìnáwó wá fún àwọn káńsílọ̀, ó kà á sí wọn létí bí ẹni ń ka àṣẹ, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé. Kò tíì ṣe abẹ̀wò sílé ọ̀kankan nínú wọn. Òfin sì ni pé àwọn káńsílọ̀ ló ń fọwọ́ sí ètò ìnáwó, kò sì sí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá wọn níbẹ̀. Wọ́n dá ìwé náà dúró. Ọ̀kan ní òun ń kà á, òmíràn ní ìyàwó òun bímọ, òmíràn rìnrìn àjò. Oṣù púpọ̀ ló fi wà nínú fáìlì mi, òjò rọ̀, àwọn ọ̀nà oko tí ì bá tún ṣe bàjẹ́ sí i. Ó máa ń bi mí pé, "Akọ̀wé, kí ni mo ṣe fún àwọn èèyàn yìí?" Inú mi máa ń bàjẹ́ nígbà tó bá bèèrè bẹ́ẹ̀, nítorí kò ṣe nǹkan kan fún wọn ní rere tàbí búburú, ohun tó dùn wọ́n gan-an nìyẹn.

Mo tún mọ káńsílọ̀ kan, sájẹ́ǹtì tó ti fẹ̀yìntì, tí kò ní owó tó alága yẹn, tí kò sì kàwé tó o. Nígbà tó dé láti báráàkì, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ipò. Ó ń lọ sí ìpàdé, ó ń san owó ẹgbẹ́ tó ti jẹ sílẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, ó sì ń bá wọn kọ ìwé fún ìjọba ìbílẹ̀ nítorí ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé aláwọ̀ ewé tí ọmọ iléèwé ń lò, tó fi ń kọ ibi tí ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́ àti ọjọ́ tó bàjẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa ṣe ní ibi ìṣọ́. Nígbà tó di káńsílọ̀ tó sì ń sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, ó máa ń ṣí ìwé yẹn, kò sì sí ẹni tó lè jà á níyàn. Ohun tí iṣẹ́ sójà fi kọ́ni tó wúlò nínú òṣèlú nìyẹn: àkọsílẹ̀, sùúrù ẹni tó ń ṣọ́nà lóru, àti kéèyàn jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Bàbá rẹ ní ìwọ̀nyí, ó dá mi lójú, nítorí èèyàn kì í di Wáráńtì Ọ́físà láìní wọn. Àwọn Wáráńtì Ọ́físà tilẹ̀ máa ń dára ju ọ̀gá ńlá lọ nínú irú iṣẹ́ yìí, lójú tèmi, torí àárín ọ̀gá àti ọmọ ogun kéékèèké ni wọ́n ti gbé ayé wọn, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń parí ìjà.

Kí wọ́n tún múra sílẹ̀ fún ohun kan tí ọ̀dọ́ kò ní bi wọ́n, tí àwọn àgbà yóò bi wọ́n. Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò tíì gbàgbé June 12, ìdìbò ọdún 1993 tí ìjọba ológun fagi lé. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Olóyè Abraham Adéṣànyà, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú tó ń bá ìjọba Abacha jà, tí wọ́n yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀ ní Èkó ní oṣù kìíní ọdún 1997, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ní agbègbè yìí mọ bí orí ṣe ń tutù nígbà tí wọ́n bá gbọ́ orin ológun lórí rédíò láàárọ̀. Bàbá rẹ lè jẹ́ kékeré nínú iṣẹ́ nígbà náà, kó sì jẹ́ pé wọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n á ṣì bi wọ́n. Kí wọ́n má bínú, kí wọ́n má sì gbèjà ìjọba ológun. Kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n wà àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nígbà yẹn, bó ṣe rí gan-an.

Ó wá ku owó. Nígbà ìdìbò abẹ́lé ọdún 2022, mílíọ̀nù méjì náírà ni APC ń ta fọ́ọ̀mù Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀, Òfin Ìdìbò 2022 sì fi mílíọ̀nù 30 náírà ṣe gbèdéke ohun tí olùdíje sí ilé náà lè ná nígbà náà. Gbogbo ìyẹn jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà ọ́ láti díje. Ọjọ́ tí wọ́n bá borí rẹ nínú ìdìbò abẹ́lé, owó fọ́ọ̀mù kì í padà. Ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń ta fọ́ọ̀mù, ní gbangba, nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó, a sì máa ń san owó rẹ̀ sí báńkì ẹgbẹ́, kì í ṣe sọ́wọ́ èèyàn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń béèrè owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ sójà tó ṣì wà ní Òṣòdì, owó tó máa fi sí àpò ara rẹ̀ ló ń béèrè. Mo sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀, torí mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn dáadáa. Àwọn kan wà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n mọ ọjọ́ tí owó àjẹmọ́nú ń jáde ju ẹni tó ni owó lọ. Owó yẹn kì í tún wá lẹ́ẹ̀kejì, kì í sì í yá bọ́ sọ́wọ́ nígbà mìíràn. A ti rí sójà àtijọ́ tí wọ́n lọ dúró síwájú Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìsúná ní Àbújá nítorí ẹ̀tọ́ wọn tó pẹ́. Kí bàbá rẹ má ṣe yá owó kan lé e lórí. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ti ilé, ti ìlera, àti ti ẹ̀kọ́ ẹni tó bá ṣì wà níléèwé, kí màmá rẹ sì mọ ibi tí owó náà wà. Èyí tó bá ṣẹ́kù, tí bó bá tilẹ̀ ṣòfò pátá ilé kò ní dàrú, òun nìkan ni kí wọ́n fi ṣe òṣèlú.

Kí ni mo wá rò pé kí wọ́n ṣe? Tí wọ́n bá díje sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n kúrò níṣẹ́, wọ́n lè wọlé bí ẹni ńlá kan nínú ẹgbẹ́ bá gbé wọn sókè, ṣùgbọ́n gbèsè ẹni náà ni wọ́n máa gbé wọ ilé náà, ẹ sì ti rí ibi tó já sí fún Lawal. Ọ̀nà kejì ni ipò káńsílọ̀. Kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n á ti kọ́ iṣẹ́. Àjọ ìpínlẹ̀, OGSIEC, ló ń ṣètò ìdìbò yẹn. Kí n má tan yín, ní ìdìbò oṣù keje ọdún 2021 àti ti oṣù kọkànlá ọdún 2024, ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà ló kó ipò alága ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 20. Nítorí náà, inú ẹgbẹ́ ni ìjà wà, kì í ṣe ní àpótí ìbò. Ìdájọ́ Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, tó ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn tó sì ka alága fìdíhẹ́ẹ léèwọ̀, ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn tún máa du ipò yìí. Ọ̀nà kẹta, tí mo fara mọ́ jù, ni kí wọ́n wálé, kí wọ́n gba káàdì, kí wọ́n jókòó ní wọ́ọ̀dù fún sáà kan gbáko, bóyá kí wọ́n gba akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, kí wọ́n tó sọ pé àwọn fẹ́ nǹkan. Ó lè dun bàbá rẹ pé ọjọ́ orí ń lọ. Òótọ́ ni, ìrora ọ̀nà yìí sì nìyẹn. Ẹni tó fẹ̀yìntì ní bí ọdún márùndínlọ́gọ́ta lè rí i pé àkókò tó dára jù ti fẹ́ kọjá nígbà tí wọ́ọ̀dù bá máa mọ̀ ọ́n. Mi ò lè ṣèlérí pé wọn á fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn gbogbo ìjókòó yẹn, torí mo ti rí ẹni tó jókòó pẹ́ tí wọ́n sì gbé e fún àlejò.

Má ṣe bá bàbá rẹ jiyàn lórí Ọbásanjọ́. Bi wọ́n léèrè pẹ̀lẹ́, nígbà tí ọkàn wọn bá balẹ̀, pé ta ni alága ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù wọn, níbo ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé, kí sì ni orúkọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn àti oṣù tí wọ́n san owó rẹ̀ kẹ́yìn. Tí wọ́n bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìronú, wọ́n sún mọ́ ọ̀nà ju bí mo ṣe rò lọ, màá sì dùn láti gbọ́. Tí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, àwọn fúnra wọn á rí ibi tó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà ìfẹ̀yìntì bá jáde, kọ ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ìtòlẹ́sẹẹsẹ ọjọ́ INEC, ká lè jọ ṣírò bóyá ìdìbò tó ń bọ̀ bá wọn mu tàbí ó ti kọjá wọn.